Ojú Tí Thenmozhi Gbàgbé Sínú Àwòrán

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Thenmozhi ti ń wo iná tí kò sí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe sítátà tuntun, ìyẹn àpótí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tan pọ́ǹpù omi wọn tí wọ́n sì fi ń pa á, òun ni yóò kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, waya sí waya, ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ bọ́tìnnì kan, àwòrán náà yóò sì máa ṣe bí ẹni pé iná wọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Ọfà kéékèèké á máa rìn lójú waya. Ibi tí iná bá pọ̀ sí á pọ́n, ibi tó bá kéré sí á ní àwọ̀ ewé. Kò sí iná kankan níbẹ̀ o, ìṣirò lásán ni. Ṣùgbọ́n bí Thenmozhi bá ti ní iná ibẹ̀ dára, gbogbo ilé iṣẹ́ á gbà pé ó dára, wọn á sì lọ ra ẹ̀yà, wọn á tan irin òjé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta báyìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò lára ni mo ń wí. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, á se ìdlì, ìyẹn oúnjẹ ìrẹsì lílọ̀, á bu ti ọkọ rẹ̀ Kathirvel tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìrànwú sínú abọ́ onírin, á bu tirẹ̀ náà, á sì sáré bá bọ́ọ̀sì. Láti Saravanampatti dé Ganapathy, nílùú Coimbatore ní Íńdíà, kò rántí ìgbà tó jókòó gbẹ̀yìn. Kó tó dé orí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú, ojú tó sì fẹ́ fi wo kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́ ti ń ṣomi. Ó ní oògùn kan tó máa ń kán sí i láàárín iṣẹ́. Á gbé orí sẹ́yìn, á lanu sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á máa rẹ́rìn-ín pé, “Akka tún ti ń bá òrùlé sọ̀rọ̀.” Akka ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n wọn ni. Àfi ọ̀gá wọn Nachimuthu ló ń pe orúkọ rẹ̀, àti Arokiasamy tó ń lẹ òjé, tó máa ń pè é ní màdáámù.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ Thenmozhi tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ètò kọ̀ǹpútà tó fi kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ kò lè sọ iye iná tó wà lójú waya lásán. Àfi kí iná gba inú ẹ̀yà kan kọjá kó tó lè kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iná tó ń gba waya kan, ńṣe ni yóò gé waya náà nínú àwòrán, yóò ki résítọ̀ kékeré kan, ẹ̀yà tó ń dín iná kù, sáàárín, èyí tó kéré débi pé kò ní da ohunkóhun rú, yóò ka iná inú rẹ̀, yóò yọ ọ́ kúrò, yóò sì so waya padà. Bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Coimbatore ṣe ń ṣe é nìyẹn. Thenmozhi sọ résítọ̀ tirẹ̀ ní ojú. Á kọ lẹ́tà K sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí “kan” ni wọ́n ń pe ojú lédè Tamil. Nígbà tí ètò tuntun wá dé, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti fi màósì kan waya ni iye iná á yọ, àwọn yòókù yí padà. Thenmozhi ò yí padà. Ó ṣì ń ki ojú bọ àwòrán.

Yazhini ni kì í jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnjiníà ni Yazhini, ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò ju ọdún méjì lọ tó ti dé ilé iṣẹ́ náà, tábìlì wọn sì kanra.

“Akka, ètò yìí ríran fúnra rẹ̀ o. Ẹ̀yin ṣì ń fi awò sí i lójú.”

“Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ojú bọ àwòrán, eyín wàrà lo ní lẹ́nu, Yazhini. Jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi.”

“Mo gbọ́, Akka. Ẹ má ṣáà gbàgbé ojú yẹn sínú rẹ̀.”

“Èmi? Èmi gbàgbé?” Á sì tún kán oògùn.

Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ kí Yazhini tó dé. Ọdún kẹrin rèé. Arokiasamy ló ń fi òjé lẹ ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ inú sítátà, nílé iṣẹ́ wọn nígbà náà, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì fi ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Nachimuthu fi máa ń mú àwọn oníbàárà lọ sídìí tábìlì rẹ̀, kí wọ́n lọ wo bí òjé ṣe ń jókòó roboto. Lọ́dún náà, bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá láti àwọn abúlé tó wà lápá Pollachi. Ó jóná. Nígbà tó pé mẹ́tàlélógún, Nachimuthu kó wọn dà sórí tábìlì, ó pe àwọn méjèèjì.

“Thenmozhi, àwòrán yìí ńkọ́?”

Thenmozhi ò tilẹ̀ wo àwọn bọ́ọ̀dù náà dáadáa. Ó wà nídìí àwòrán mìíràn, iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbéèrè náà sì bí i nínú díẹ̀. “Ọ̀gá, mo fojú ara mi rí iná inú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpì ni. Iná yẹn ò lè jó èèrà.”

“Òjé ló tú nígbà náà. Bí òjé bá ń tú, iná á máa ta, ibẹ̀ á jó. Arokiasamy?”

Arokiasamy dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Bí màdáámù bá ní àwọn fojú rí i, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti ń yẹ̀, ọ̀gá. Mi ò mọ̀. Bóyá àgbà ló dé.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí wọ́n fi dá a dúró. Wọn ò lé e bí olè o. Wọ́n da aṣọ ìborùn olójú wúrà lé e léjìká, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kó lọ sinmi. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n yí àwòrán sítátà náà padà nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, jíjó náà sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ayé wá mi orí pé àṣé òótọ́ ni, àṣé ọwọ́ bàbá yẹn ni. Irú ẹ̀rí báyìí ló máa ń bà mí lẹ́rù jù láyé, èyí tó bára mu tí kò sì jẹ́ òótọ́.

Arokiasamy gbé tábìlì kan síwájú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Philomina ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Ganapathy. Ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Bí Thenmozhi bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, á kí i, òun náà á dáhùn, “Ẹ káàárọ̀, màdáámù,” ó tán. Thenmozhi á máa sọ fún ara rẹ̀ pé Anna, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bí òun ṣe ń pè é, ń sinmi. Ẹni tó ń sinmi kì í jókòó sídìí títì kó máa fa eruku bọ́ọ̀sì símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti rẹ èèyàn, irọ́ tó rọrùn ló máa ń kọ́kọ́ gbà.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọdún irinṣẹ́ ku ọ̀la, wọ́n ń fọ ilé iṣẹ́. Ọjọ́ ọdún irinṣẹ́ nìkan ni ọjọ́ kan lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kì í fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ ló máa jókòó síwájú òrìṣà, èèyàn á sì wá kí i. Torí náà, wọ́n ní láti fọ gbogbo ẹ̀gbin kó tó di ọ̀la. Yazhini wọ abẹ́ pẹpẹ tó wà lẹ́yìn, ó wọ́ àpò kan jáde.

“Akka, kí nìyí? Ó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n sun roba.”

“Bọ́ọ̀dù Pollachi nìyẹn. Kó wọn dànù.”

Ṣùgbọ́n Yazhini ò lè rí nǹkan kó máà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mú ọ̀kan, ó fi aṣọ nù ún, ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta.

“Akka, gbogbo wọn ló jó níbì kan náà.”

“Òjé tó tú ni.”

“Níbì kan náà lára mẹ́tàlélógún? Ọwọ́ tó bàjẹ́ kì í bàjẹ́ lójú kan ṣoṣo. Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.”

Thenmozhi gba bọ́ọ̀dù náà, ó sún un mọ́ ojú. Ibi tó jó náà ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà funfun kan ṣì hàn lábẹ́ èédú. K ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn pé ṣé o fẹ́ nǹkan yìí lóòótọ́ àbí o kàn fi ń wòran ni. Ohun tó bá wà nínú àwòrán ló máa kọ sínú ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Thenmozhi ki ojú bọ àwòrán, ó ka iná, ó gbàgbé láti yọ ọ́. Wọ́n ra résítọ̀ náà, bó ṣe kéré tó, èyí tí kò nípọn ju àgbàdo gbígbẹ lọ. Wọ́n gbé e fún Arokiasamy. Arokiasamy lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀nà tí iná ń gbà lọ sí kọ̀ńtátọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí iná ń fà mú kí pọ́ǹpù lè ṣiṣẹ́, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà bí kò ṣe waya.

Ó wá rántí. Ó rántí rẹ̀ kedere, kò sì fẹ́ rántí rẹ̀ rárá. Arokiasamy ti wá bá a nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Màdáámù, kí ni K kékeré yìí ń ṣe níbí? Kò sí lára ti tẹ́lẹ̀.” Òun ò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Anna, ohun tí a bá yà ni kí ẹ lẹ̀.”

“Kò lè jẹ́ òun ló jó o,” ó sọ fún Yazhini, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀bẹ̀. “Iná ibẹ̀ kéré. Wá, mà á fi hàn ọ́.”

Ó ṣí àwòrán àtijọ́ náà. Ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó jókòó sáàárín waya. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwọn ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ní àwọ̀ ewé, ara wọn balẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpì.

“Ṣé o rí i? Ṣé mo purọ́?”

“Ẹ ò purọ́. Akka, iná mélòó lẹ fi bọ́ ọ?”

“Igba ó lé ọgbọ̀n fóòtì. Mélòó ni ò bá tún fi bọ́ ọ?”

“Abúlé ìyá mi ò jìnnà sí Pollachi. Bí gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ bá tan pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, agbára iná kì í ju àádọ́jọ fóòtì lọ. Kọ̀ńtátọ̀ á fẹ́ mú, kò ní lè mú, á kàn máa gbọ̀n gìrìgìrì bí ẹni ibà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí kò tíì mú gan-an ló ń mu iná jù. Ẹ fi àádọ́jọ bọ́ ọ, Akka.”

Thenmozhi tẹ àádọ́jọ. Ìka rẹ̀ ò yá. Àwọn ọfà náà kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ni waya náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Iná ibẹ̀ fò kọjá ìlọ́po mẹ́fà, kò sì wálẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ojú tó wà láàárín waya pupa náà gan-an ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá.

Yazhini yíjú sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mo gbóríyìn fún un fún ìyẹn, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Thenmozhi ò fi iná abúlé bọ́ àwòrán rí. Iná tó dára nìkan ló ń fún un jẹ, ó wá ń sọ fún aráyé pé ara rẹ̀ dá. A ní kó wá fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kì í sì í ṣe oògùn. Bó bá sọ ọ́ jáde, orúkọ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kó jọ lọ nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọkùnrin kan á máa jókòó sídìí títì títí tí yóò fi kú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́.

Ó dìde, ó lọ bá Nachimuthu níbi tó ti ń so igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọdún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá, bọ́ọ̀dù Pollachi ọjọ́sí, kì í ṣe Arokiasamy. Èmi ni.” Ó ṣàlàyé. Kò gùn.

Nachimuthu so okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó yíjú. “Ta ló tún ń bi wá?”

“Kò sẹ́ni tó ń bi wá.”

“Kí wá ló dé? Ọkùnrin yẹn ti gba kámú. A dá a lọ́lá nígbà tó ń lọ, a da aṣọ lé e léjìká. Bí ẹ bá sọ èyí síta, ta ló máa gba àwòrán yín gbọ́ mọ́? Ta ló máa gba tèmi gbọ́? Thenmozhi, ọ̀la lọdún. Ẹ má hú òkú jáde lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da àpò yẹn nù.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá.”

Wọ́n da àpò náà nù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀dù náà ti wà nínú báàgì Thenmozhi, ó fi aṣọ ìnujú wé e. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti pa nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ náà ń dán. Òórùn dídùn igi sáńdálì gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa tọ́ ẹ̀rọ ìlu-ihò níwájú orí, wọ́n fi òdòdó kọ́ ọrùn kọ̀ǹpútà, kódà wọ́n tọ́ ìgbálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé oníkálùkù ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé irinṣẹ́ tó fi ń jẹun lọ síwájú òrìṣà, kí ìyá Nachimuthu tó gbé iná káńfọ̀, ìyẹn kafura tí wọ́n ń sun fún òrìṣà, yí wọn ká. Màmá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ wé waya mọ́tọ̀ títí ilé iṣẹ́ náà fi dúró, kò sì sí ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó kan Thenmozhi. Ó gbé màósì rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé bọ́ọ̀dù tó jóná náà lé e.

Nachimuthu wo ilẹ̀.

“Thenmozhi,” ni màmá náà wí, “nǹkan tó ti jóná lo gbé wá síwájú òrìṣà?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ní kí kálukú gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Iṣẹ́ tí mo fi tèmi ṣe nìyí. Bọ́ọ̀dù tí a torí ẹ̀ dá Arokiasamy dúró ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀. Àwòrán mi ló jó o, mo sì sọ níwájú gbogbo ayé pé mo rí i pé ó dára.”

Màmá náà wò ó pẹ́. Ó ti ìka bọ ọ̀dà pupa, ó tọ́ bọ́ọ̀dù náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ gbogbo irinṣẹ́ yòókù. “Ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́,” ó ní. “Nachimuthu, gbé káńfọ̀ wá. Ọwọ́ ń ro mí.”

Wọ́n parí ètò náà. Wọ́n fọ́ elégédé funfun sí ẹnu ọ̀nà láti lé ojú burúkú lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìdì gúgúrú ìrẹsì àti ẹ̀wà dídín. Nígbà tó kan Thenmozhi, Nachimuthu gbé ìdì méjì lé e lọ́wọ́.

“Èkejì, ti Arokiasamy ni. Ẹ bá mi gbé e fún un. Èmi ò rí ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.” Ó na ọwọ́ sí ìdì mìíràn. “Láti ọ̀tunla, Yazhini ni yóò máa fọwọ́ sí àwòrán.”

“Ó ti yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà máa dun òun. Ó dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó fún ni.

Arokiasamy wà nídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tó débẹ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, kò bọ irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, torí náà ó kàn jókòó, ó ń fi aṣọ nu sikuruderafa.

“Háà, màdáámù! Ẹ kú ọdún. Àbí ẹ̀rọ ìlọta yín ló kọṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún?”

“Anna, ẹ jókòó.”

“Mo ti jókòó látàárọ̀. Ẹ̀yin ló kù tí ẹ jókòó.” Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí i.

Thenmozhi jókòó. Ó gbé ìdì gúgúrú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé bọ́ọ̀dù náà síwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ojú, àádọ́jọ fóòtì, waya pupa. Kò pọ́n ara rẹ̀ lé, kò sì sunkún láti fi wá àánú. Bọ́ọ̀sì méjì wá, wọ́n lọ, kó tó parí ọ̀rọ̀.

“K,” Arokiasamy wí. “Mo bi yín.”

“Ẹ bi mí.”

“Ẹ ní ohun tí ẹ bá yà ni kí n lẹ̀.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Anna, kí ló dé tí ẹ ò jà lọ́jọ́ náà?”

“Kí ni mo fẹ́ fi jà?” Kò pariwo. “Ẹ ní ẹ fojú yín rí iná. Èmi ò rí iná rí láyé mi, màdáámù, ó kàn máa ń gbé mi ni. Mo gbà yín gbọ́. Mo délé, mo sọ fún Philomina pé ọwọ́ mi ti lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò lẹ nǹkan kékeré mọ́. Wọ́n gbé rédíò wá, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n gbé fóònù wá, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Waya ẹ̀rọ ìlọta ni mò ń so. Ọmọdé lè so ó.”

Thenmozhi ti múra sílẹ̀ fún ìbínú láti ilé. Ó ti ro ohun tóun máa sọ bó bá bú òun, bó bá lé òun, bó bá béèrè ìdí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò fi wá. Kò múra fún èyí. Ó ti rò pé iṣẹ́ lòun gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò mọ̀ pé òun gba ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, pé fún ọdún mẹ́rin ló fi ń jí tó ń wo ìka mẹ́wàá tí kò fọkàn tán. Ojú tì í dé eegun.

“Anna, ẹ forí jì mí.”

Arokiasamy sún mọ́ tábìlì. Ó wá awò rẹ̀ nínú àpò, ó fi sójú, ó gbé bọ́ọ̀dù náà sókè sí oòrùn. Ó yí i sẹ́yìn. Ó ń wo òjé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìyá ṣe máa ń yẹ orí ọmọ wò. Wọ́n ń dán. Wọ́n jókòó roboto, kò sí èyí tó là, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ó dé ibi tó jó. Bọ́ọ̀dù ti di èédú níbẹ̀, résítọ̀ ti pòórá, ṣùgbọ́n òjé méjì tó dì í mú ṣì wà ní ipò wọn. Ó fi èékánná họ ọ̀kan. Kò mì.

“Kò tú,” ó sọ fún ara rẹ̀. “Bọ́ọ̀dù jó tán, òjé mi ò tú.”

Ó dìde lójijì. “Philomina! Philomina o! Jáde wá!”

Ìyàwó rẹ̀ sáré yọ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. “Kí ló dé? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Wá wo ọwọ́ mi.”

Philomina di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń yí wọn síwájú sẹ́yìn, ó ń wá ibi tó gbé ṣèṣe. “Ibo? Ibo ló ti gé ọ?”

“Kì í ṣe ìyẹn. Èyí. Wò ó. Iṣẹ́ mi nìyí, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wo òjé yìí, wo èyí, wo tọ̀hún. Ọwọ́ mi ò bàjẹ́, Philomina. Kò bàjẹ́ rí.”

Obìnrin náà wo bọ́ọ̀dù. Kò mọ ohun tó yẹ kó wò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, omi sì lé rorò sí i lójú. “Ta ló wá sọ fún ọ pé ó bàjẹ́?”

Arokiasamy ń nu awò rẹ̀. Ó ń nù ún lọ ṣáá. Ó hàn pé kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì hàn pé bí Thenmozhi bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà máa tán síbẹ̀, òun á gbé báàgì, á wọ bọ́ọ̀sì, á lọ sílé lọ sinmi.

“Èmi ni,” Thenmozhi wí.

Philomina wò ó. Ó gba bọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e wọlé bí ohun iyebíye.